Kí Ló Dé Tí Wọ́n Fi Ń Yin Ìwádìí Àjọṣe ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Okòwò, Tí Wọn Kò sì Í Kà Á fún Ẹni Tó Bá Ṣe É?

Ìbéèrè: “Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìmọ̀ ìṣirò owó ni mo fi gba oyè ọ̀mọ̀wé, ilé-ẹ̀kọ́ okòwò ti yunifásítì kan ni mo sì ti ń kọ́ni. Èmi pẹ̀lú onímọ̀ àyíká kan àti olùkọ́ òfin kan fẹ́ ṣe ìwádìí lórí bí àwọn ilé-iṣẹ́ ṣe ń ròyìn èéfín tí wọ́n ń tú sí afẹ́fẹ́. A tún fẹ́ dá kọ́ọ̀sì kan sílẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa láti ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò jọ gbà. Olórí ẹ̀ka mi kò sọ pé rárá, ṣùgbọ́n ó ní wọn kò ní kà á fún mi nígbà ìgbéga, pé kí n dúró títí n ó fi fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìwé tí ilé-ẹ̀kọ́ wa fi ń polówó ara rẹ̀ kún fún ọ̀rọ̀ ìfọwọ́sowọ́pọ̀ láàárín ẹ̀ka ìmọ̀. Ṣé àwọn àgbà wa kò fẹ́ ìyípadà ni, àbí èmi ni n kò mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é?”

Ẹ kú ìforítì. Bí mo bá gbọ́ yín yé, ohun tó ń dùn yín jù ni pé ẹnu tó ń yin ìfọwọ́sowọ́pọ̀ náà ló tún ń ní kí ẹ má tíì ṣe é. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá àtakò ni, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá kí ẹ dúró. Èrò mi, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí mo ti ń kọ́ni, tí mo sì ti ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìgbéga, ni pé òtítọ́ ni olórí ẹ̀ka yín sọ nípa bí wọ́n ṣe ń ka iṣẹ́, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn pé kí ẹ dúró kò fi dandan tẹ̀ lé òtítọ́ náà. Ohun tó ń dènà irú iṣẹ́ yín wà nínú bí a ṣe ń ka àpilẹ̀kọ, bí a ṣe ń pín owó, àti bí a ṣe ń kọ wákàtí olùkọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é láìfara pa gbọ́dọ̀ mọ ìwé tí wọ́n ń kọ ọ́ sí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú àṣìyé kan kúrò lọ́nà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ilé-ẹ̀kọ́ okòwò ló yẹ kí irú iṣẹ́ yìí ti rọrùn jù, nítorí pé abẹ́ òrùlé kan náà ni onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, onímọ̀ ìṣirò owó, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá àti onímọ̀ àwùjọ ń gbé. Gbígbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lásán ni púpọ̀ nínú rẹ̀, ó sì ní ìtàn. Nígbà tí wọ́n dá Wharton sílẹ̀ ní Yunifásítì Pennsylvania ní 1881, àti nígbà tí ti Harvard bẹ̀rẹ̀ ní 1908, títọ́ àwọn tí yóò máa darí ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ń lé, iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló sì ń so ẹ̀kọ́ pọ̀. Ní 1959, ìròyìn méjì jáde ní Amẹ́ríkà: Gordon àti Howell kọ ọ̀kan pẹ̀lú owó Ford Foundation, Pierson kọ èkejì pẹ̀lú owó Carnegie Corporation. Àwọn méjèèjì bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn ilé-ẹ̀kọ́ okòwò pé ẹ̀kọ́ wọn kò jinlẹ̀, wọ́n sì rọ̀ wọ́n láti gba àwọn tó mọ ètò ọrọ̀ ajé, ìṣirò àti ìmọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá dunjú síṣẹ́. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́, ìwádìí wọn sì jinlẹ̀ sí i lóòótọ́. N kò ní fẹ́ ká padà sí ohun tó wà ṣáájú. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n gbà wá kó òṣùwọ̀n ilé tí wọ́n ti wá dání. Onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé tó dé ilé-ẹ̀kọ́ okòwò ṣì ń wo ojú àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ẹgbẹ́ rẹ̀ níta kó tó wo ti ẹni tí ọ́fíìsì rẹ̀ kángun sí tirẹ̀, nítorí pé àwọn tó wà níta ni yóò kọ lẹ́tà nípa iṣẹ́ rẹ̀ nígbà ìgbéga.

Àpẹẹrẹ kan wà tó dà bí ẹni pé ó ta ko ohun tí mo ń sọ, ó sì yẹ ká wò ó. Ní 1949 ni wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣàkóso kan sílẹ̀ ní Carnegie Institute of Technology ní Pittsburgh. Ibẹ̀ ni Herbert Simon, James March àti Richard Cyert ti da ètò ọrọ̀ ajé, ìmọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá àti ìmọ̀ kọ̀ǹpútà pọ̀ láti wádìí bí àwọn ilé-iṣẹ́ ṣe ń pinnu ohun tí wọn yóò ṣe. Ìmọ̀ ìṣèlú ni Simon fi gba oyè ọ̀mọ̀wé. Síbẹ̀ ó gba Ẹ̀bùn Turing pẹ̀lú Allen Newell ní 1975 fún iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel nínú ètò ọrọ̀ ajé ní 1978. Àwọn ènìyàn a máa fi èyí sọ pé kò sí ohun tí kò ṣeé ṣe. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tí Simon fúnra rẹ̀ sọ nínú àpilẹ̀kọ kan ní 1967: ó fi dídarí irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ wé pípo epo mọ́ omi, pé bí èèyàn bá tilẹ̀ rò wọ́n pọ̀, bí ó bá ti fi wọ́n sílẹ̀, oníkálukú a padà sí àyè rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ náà kéré nígbà náà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni, àtòjọ jọ́nà, ìyẹn àwọn ìwé àtìgbàdégbà tí onímọ̀ ti ń tẹ ìwádìí jáde, tí a fi ń dá olùkọ́ lẹ́jọ́ lóde òní kò sì tíì sí.

Àtòjọ yẹn ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ olórí ẹ̀ka yín. Ìwé ìròyìn Financial Times ní tirẹ̀, jọ́nà 50 ló wà nínú rẹ̀. Yunifásítì Texas ní Dallas ní ti jọ́nà 24. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ okòwò ní ìwé atọ́nà tó ń fi jọ́nà sí ipò láti 1 dé 4, tó tún fi ìràwọ̀ lé orí àwọn díẹ̀ nínú àwọn tó wà ní 4. Kì í ṣe ẹni burúkú ló ṣe wọ́n. Ọ̀gá tó ní olùkọ́ púpọ̀ lábẹ́ rẹ̀, tí kò lè ka iṣẹ́ gbogbo wọn, nílò ohun kan tí yóò fi wéra, àtòjọ sì sàn ju ojúsàájú lọ. Wàhálà rẹ̀ ni pé jọ́nà òfin tàbí jọ́nà àyíká, bó ti wù kó níyì tó nílé tirẹ̀, lè má sí nínú èyí tí ìgbìmọ̀ yín ń lò, ohun tí kò bá sì sí níbẹ̀, òdo ni. Ní 2012, Rafols pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo ìwé atọ́nà ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí, wọ́n sì fi iṣẹ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ okòwò wé ti àwọn ẹ̀ka tó ń wádìí nípa àwárí tuntun. Wọ́n rí i pé àwọn jọ́nà tó wà lókè máa ń tẹ̀ sí ìmọ̀ kan ṣoṣo ju àwọn tó wà nísàlẹ̀ lọ, nítorí náà àwọn tó ń da ìmọ̀ pọ̀ kéré lójú àtòjọ ju bí wọ́n ṣe rí lójú àwọn tó ń tọ́ka sí iṣẹ́ wọn. Nínú ìpàdé, gbogbo wa la ń pa á lówe pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bó bá di ọjọ́ ìgbéga, ìka kọ̀ọ̀kan ni à ń kà.

Ẹ tún gbọ́dọ̀ mọ̀ pé iṣẹ́ náà ń gba àkókò ju ti ẹlòmíràn lọ, kì í ṣe pé ẹ̀ ń lọ́ra. Leahey, Beckman àti Stanko ṣe ìwádìí kan tó jáde ní 2017, wọ́n sì rí i pé àwọn onímọ̀ tó ń da ẹ̀ka pọ̀ máa ń rí ìtọ́kasí púpọ̀ sí i, ṣùgbọ́n iye àpilẹ̀kọ tí wọ́n ń gbé jáde máa ń dín kù. Ìnáwó a máa ṣíwájú, èrè a máa tẹ̀ lé e láti ọ̀nà jíjìn, ọjọ́ ìgbéga kò sì ní dúró de èrè náà. Bákan náà ni ti owó ìwádìí. Bromham àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo ìwé ìbéèrè-owó 18,476 tí wọ́n kọ sí àjọ ìwádìí ti Ọsirélíà láàárín ọdún 5, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2016: bí àwọn ìmọ̀ tó wà nínú ìwé náà bá ṣe jìnnà síra tó ni ìrètí àtirí owó ṣe ń kéré tó.

Kí àpilẹ̀kọ tó dé inú jọ́nà, ọwọ́ àwọn olùyẹ̀wò ni yóò gbà kọjá, ibẹ̀ ni mo sì ti rí i tí ìwádìí àjọṣe ń fara gbọgbẹ́ jù. Olóòtú a fi iṣẹ́ yín ránṣẹ́ sí onímọ̀ ìṣirò owó kan, sí onímọ̀ àyíká kan, àti sí ẹnì kan tó mọ òfin. Ẹni àkọ́kọ́ a béèrè ẹ̀rí pé ohun tí ẹ pè ní ìdí ló fa àbájáde lóòótọ́, pé kì í ṣe pé àwọn méjèèjì kàn ń rìn pọ̀. Ẹnì kejì a ní ọ̀nà tí ẹ fi wọn èéfín kò péye tó. Ẹni tó mọ òfin, tí wọn kì í retí apá tó ń ṣàlàyé ọ̀nà ìwádìí nínú àpilẹ̀kọ nílé tirẹ̀, a máa wá òfin àti ìdájọ́ tí ọ̀rọ̀ yín dá lé. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan tọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dáhùn gbogbo rẹ̀ tán, àpilẹ̀kọ a gùn kọjá ààyè tí jọ́nà fi sílẹ̀. Bí ẹ bá sì fi ọ̀kan sílẹ̀, ẹni tó béèrè rẹ̀ a ní kí wọ́n kọ̀ ọ́. Olóòtú tó láyà lè sọ pé ó tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn a fara mọ́ ẹni tó le jù nínú àwọn olùyẹ̀wò, nítorí pé àwọn náà kò mọ ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kódà lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá jáde, ètò orúkọ lórí rẹ̀ a máa dá ìjà sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní in lọ́kàn. Nínú ètò ọrọ̀ ajé, ábídí ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀ lé. Nínú ọ̀pọ̀ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń ṣe ní ilé àyẹ̀wò, ẹni tí orúkọ rẹ̀ gbẹ̀yìn lè jẹ́ ọ̀gá tó ni ilé àyẹ̀wò náà. Nínú ìmọ̀ ìṣàkóso, ẹni àkọ́kọ́ ló ṣe jù. Nítorí náà, orúkọ yín tó wà ní ipò kẹta lè túmọ̀ sí pé ẹ̀yin lẹ darí iṣẹ́, ó lè túmọ̀ sí pé ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ yín ló jìn nínú ábídí, ó sì lè túmọ̀ sí pé ẹ kàn bá wọn yẹ tábìlì wò ni. Ìgbìmọ̀ ìgbéga a mú èyí tí wọ́n mọ̀. Ìwé kan tí ẹ bá kọ ṣáájú, tí olúkúlùkù fi ọwọ́ sí, nípa ẹni tó ṣe kí ni, ẹni tó ni dátà, àti bí orúkọ yóò ṣe tẹ̀ léra, lè gbà yín lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àlàyé.

Ti ìkọ́ni yàtọ̀, lójú tèmi òun ló sì nira jù, nítorí pé àpilẹ̀kọ máa ń parí, ṣùgbọ́n kọ́ọ̀sì a tún bẹ̀rẹ̀ ní sáà tó ń bọ̀. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, owó ń tẹ̀ lé akẹ́kọ̀ọ́: ẹ̀ka tí orúkọ kọ́ọ̀sì wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń gba owó tó bá wọlé lórí àwọn tó bá forúkọ sílẹ̀. Bí ẹ̀ka mẹ́ta bá jọ kọ́ kọ́ọ̀sì kan, ta ni yóò gbà á? Bí wọ́n bá pín in, olórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan a máa wò ó pé òun yá àwọn ará ìta ní olùkọ́ òun, ìdá kan nínú mẹ́ta owó náà ló sì padà sọ́wọ́ òun. Bẹ́ẹ̀ náà ni wákàtí. Olùkọ́ mẹ́ta tó jókòó sínú kíláàsì kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí wọ́n ń fetí sí ara wọn, tí wọ́n ń fèsì, ni kọ́ọ̀sì àjọkọ́ gidi ń béèrè. Ṣùgbọ́n ìwé iṣẹ́ a kọ ìdá kan nínú mẹ́ta wákàtí náà fún olúkúlùkù. Kí wọ́n má baà ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́, wọn a pín ọ̀sẹ̀ láàárín ara wọn, èyí a wá tẹ̀ lé ọ̀hún, akẹ́kọ̀ọ́ a sì gba kọ́ọ̀sì kéékèèké mẹ́ta tí wọ́n so mọ́ra. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a mọ̀ ọ́n lára, wọn a sì béèrè ta ni yóò ṣe ìdánwò.

Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíràn ní 2006. Nígbà tí Joel Podolny jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣàkóso wọn, wọ́n tú ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tó jẹ́ dandan palẹ̀, wọ́n sì tún un tò ní orúkọ àwọn tí olùdarí ilé-iṣẹ́ ń bá pàdé: oníbàárà, olùdókòwò, abánidíje, òṣìṣẹ́. Onímọ̀ láti ẹ̀ka tó yàtọ̀ síra ló sì pawọ́ pọ̀ gbé wọn kalẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé àárín gbùngbùn ètò náà ni wọ́n yí padà, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló gbà á, kò sí ẹ̀ka tó lè ní ilé òun kò sí nínú rẹ̀. Irú èyí kò sí lábẹ́ agbára olùkọ́ kan. Kọ́ọ̀sì àfẹ́ṣe tí ẹ dá sílẹ̀ létí ètò ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gé kúrò nígbà tí owó bá wọ́n tàbí tí ọ̀kan nínú yín bá gba iṣẹ́ síbòmíràn. Ní ti àwọn ètò ìtẹ́wọ́gbà bíi AACSB, EQUIS àti AMBA, tó ń jẹ́rìí sí i pé ilé-ẹ̀kọ́ okòwò kan dáńgájíá, tí àwọn kan sì fi ń dẹ́rù ba olùkọ́, kò sí èyí tó ka kọ́ọ̀sì àjọkọ́ léèwọ̀ nínú wọn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn dá yín dúró.

Mo gbọ́dọ̀ gbè sẹ́yìn olórí ẹ̀ka yín díẹ̀. Ìwádìí àjọṣe kò dára kìkì nítorí pé ó jẹ́ àjọṣe. Mo ti ka ọ̀pọ̀ tó jẹ́ pé onímọ̀ mẹ́ta kàn to ìpín mẹ́ta tẹ̀ lé ara wọn, tí kò sí ohun tí ẹnì kan nínú wọn kò lè dá sọ. British Academy, nínú ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní 2016, ṣe àtìlẹ́yìn fún irú iṣẹ́ yìí gidi, síbẹ̀ wọ́n tẹnu mọ́ ọn pé kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀ka kan tí ẹsẹ̀ wọn ti múlẹ̀. Ìbéèrè tí mo máa ń bi àwọn tó bá tọ̀ mí wá ni pé, bí ọ̀kan nínú yín bá kúrò, ṣé ìwádìí náà ṣì lè dúró? Tiyín yege níbẹ̀, lójú tèmi. Ìlànà GHG Protocol, tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń ṣírò èéfín wọn, pín in sí ìsọ̀rí mẹ́ta, ìsọ̀rí kẹta sì kó èéfín àwọn tó ń tà fún ilé-iṣẹ́ náà àti ti àwọn tó ń lo ọjà rẹ̀ mọ́ra. Láti 2023, òṣùwọ̀n IFRS S2 tún ti wà fún bí wọn yóò ṣe máa ròyìn rẹ̀ fún àwọn olùdókòwò. Onímọ̀ àyíká ló lè sọ bóyá òǹkà náà ṣeé gbà gbọ́, ẹ̀yin lẹ lè sọ ìdí tí ilé-iṣẹ́ fi gbé e kalẹ̀ bẹ́ẹ̀, olùkọ́ òfin ló sì lè sọ ẹni tó máa jíyìn bí ó bá jẹ́ irọ́.

Nítorí náà n kò ní kí ẹ dúró. Àwọn tó ní àwọn yóò padà sí irú iṣẹ́ yìí lẹ́yìn ìgbéga kì í sábà padà. Ọwọ́ wọn ti mọ́ ọ̀nà kan, àwọn tí wọn ì bá sì bá ṣiṣẹ́ ti wá ẹlòmíràn. N kò sì ní kí ẹ fi gbogbo ara bọ́ sínú rẹ̀ kí ẹ sì pa ẹ̀ka yín tì. Ẹ pín iṣẹ́ náà lọ́nà tí olúkúlùkù yóò fi rí àpilẹ̀kọ kan gbé lọ sílé tirẹ̀ kí èyí tí ẹ ó jọ kọ tó jáde. Oríire sì ni fún yín pé ìmọ̀ ìṣirò owó ni ẹ yàn, nítorí ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ níbẹ̀ ju ti ìmọ̀ ìṣúná lọ. Jọ́nà Accounting, Organizations and Society, tí Anthony Hopwood dá sílẹ̀ ní 1976 láti so ìṣirò owó pọ̀ mọ́ ìmọ̀ àwùjọ àti ìhùwàsí ẹ̀dá, wà nínú jọ́nà 50 ti Financial Times. Accounting, Auditing & Accountability Journal, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1988, ti ń gba iṣẹ́ lórí ìròyìn àyíká láti ọjọ́ pípẹ́. Olórí ẹ̀ka tó bá ní wọn kò ní ka iṣẹ́ yín lè má tíì rò ó pé ibẹ̀ ni yóò ti jáde.

Ní ti kọ́ọ̀sì, ẹ fi ìwé ìdásílẹ̀ tuntun sílẹ̀ ná. Ẹ mú kọ́ọ̀sì mẹ́ta tí ẹ ti ń kọ́ tẹ́lẹ̀, kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú rẹ̀ sórí ìròyìn ilé-iṣẹ́ kan náà, kí ẹ da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí ẹgbẹ́ẹgbẹ́, kí olúkúlùkù yín sì fún akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀ ní máàkì. Kò sí owó tó máa yí ọwọ́ padà, kò sí wákàtí tí ẹnikẹ́ni máa bá yín pín. Ó kéré sí ohun tí ẹ ní lọ́kàn, mo mọ̀, àtẹ àkókò ẹ̀ka mẹ́ta yóò sì ṣì fún yín ní wàhálà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn sáà kan tàbí méjì, ẹ ó ní iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ tí ẹ lè gbé síwájú àwọn ọ̀gá, ìgbà náà lẹ tó lè béèrè pé kí wọ́n ka wákàtí kíkún fún olùkọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí agbára ìmọ̀ràn mi pin sí ni pé kò sí ohun tí ẹnì kan lè ṣe sí àtòjọ. Ìkéde San Francisco ti 2012, tí wọ́n ń pè ní DORA, rọ àwọn yunifásítì pé kí wọ́n wo iṣẹ́ fúnra rẹ̀ dípò jọ́nà tó gbé e; àyẹ̀wò ìwádìí ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2021 sì yan àwọn olùdámọ̀ràn sínú ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan láti mójú tó ìwádìí àjọṣe. Ohun rere ni, ṣùgbọ́n yunifásítì lè buwọ́ lu ìkéde láàárọ̀ kí ìgbìmọ̀ ìgbéga rẹ̀ sì ka ìràwọ̀ lọ́sàn-án. Ẹ padà sọ́dọ̀ olórí ẹ̀ka yín, kí ẹ má sì bi í bóyá ó fọwọ́ sí i. Ẹ bi í léèrè àtòjọ tí wọn yóò lò ní ọdún tí ọ̀rọ̀ yín máa dé iwájú ìgbìmọ̀, kí ẹ fi orúkọ jọ́nà tí ẹ ń lé hàn án. Ẹ bẹ̀ ẹ́ pé, nínú àwọn tí wọn yóò kọ̀wé sí láti ìta nípa iṣẹ́ yín, kí ẹnì kan ó kéré tán jẹ́ ẹni tó ti ṣe irú ìwádìí yìí rí, kí ìdáhùn olórí ẹ̀ka náà sì wà nínú lẹ́tà tí yóò wọ fáìlì yín, nítorí pé ẹlòmíràn lè ti wà lórí àga rẹ̀ nígbà náà.